Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́ Bàbá Ṣóẹ̀tán

Àárọ̀ Sátidé la sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọ̀,
èmi àti Ìbídùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,
ẹni ọdún mẹ́rìnlá tí kò fẹ́ wá.
Ó ní kí lèèyàn ń wá lọ wò lára òkúta
tí kò sí lórí fóònù?
Mi ò dá a lóhùn. Mo pe ọ̀kadà méjì.

Ìjẹmọ̀ kì í ṣe àdúgbò à-wò-lẹ́ẹ̀kan.
Àwọn páànù tó ti pọ́n bí obì
ń gun ara wọn lẹ́yìn lọ sókè.
Àtẹ̀gùn já sí ẹ̀yìnkùlé onílé,
ẹ̀yìnkùlé já sí ẹsẹ̀ òkúta,
òkúta wọlé, ó di ògiri yàrá.
Obìnrin kan sá ata sórí rẹ̀.
A kí i. Ó bi wá pé ọmọ ta ni wá
kó tó júwe ọ̀nà.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rèé: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fèrèsé onígi,
àgádágodo tó tó ìpẹ́ ahun.
Ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀
kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá Ṣóẹ̀tán.
Bàbá Ṣóẹ̀tán wà níbi ìsìnkú.
Ẹ padà wá lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.
Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti pín in sínú:
wákàtí kan níbí, wákàtí méjì lórí Olúmọ,
ká jẹun, ká sùn, ká máa lọ.
Ẹni tó bá bá òkúta kánjú,
èékánná ni yóò fi san án.

Ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní Ṣàpọ́n, jẹnẹrétọ̀ ń kùn
bí olóyún tí kò ríbi jókòó.
Òjò bẹ̀rẹ̀ láàjìn. Kò dá.

Bàbá Ṣóẹ̀tán dé tòun taṣọ akọrin lọ́rùn,
funfun, omi ẹrẹ̀ létí rẹ̀.
Ó gba ẹgbẹ̀rún náírà kan, ó já rìsíìtì,
ó bu òǹtẹ̀ lù ú kó tó ṣílẹ̀kùn.

Àtùpà òṣìṣẹ́ rélùwéè, gíláàsì rẹ̀ ti sán.
Ìwé owó orí obìnrin kan, ṣílè mẹ́ta:
ikán ti jẹ orúkọ rẹ̀,
kò jẹ iye owó.
Lára gbogbo wọn, ìwé pélébé:
Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ní igun yàrá, ìkòkò aró kan,
òjò ń kán sínú rẹ̀ láti òkè, tó, tó, tó.
"Bàbá, ṣé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lèyí náà?"
"Òun ni. Ṣùgbọ́n páànù ń jò, garawa wa ti lu.
Ọdún kẹta rèé tá a kọ̀wé síjọba.
Òun náà kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń gba omi."

Ìtòkú ni ìyá ìyá mi ti rẹ aró.
Kí n tó gbọ́n tó ẹni tí í bèèrè, ó ti lọ.
Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ọwọ́ méjì lọ,
dúdú títí dé ọrùn ọwọ́,
bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ òru
tí òru ò jẹ́ kó yọ ọ́ tán.
Nínú fọ́tò, abẹ́ ìborùn ló ń fi wọ́n pamọ́ sí.

Mo fẹ́ sọ ìyẹn fún Ìbídùn.
Kí n tó yanu,
ó ti tẹ̀ síwájú, ó ti ki ọwọ́ bọ ìkòkò dé ìgbọ̀nwọ́.

Bàbá Ṣóẹ̀tán wò ó.
Ó wo ìwé pélébé. Ó wo òrùlé.
"Ó dáa," ló wí, "òjò ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án."

A ò gun Olúmọ mọ́; ilẹ̀ ń yọ̀.
Nínú ọkọ̀ Ìbàdàn, fóònù wà lápò,
Ìbídùn ń gbé ìka rẹ̀ sí oòrùn lójú fèrèsé.
Ó ní ó ti pa aró díẹ̀.
Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní kò sí nǹkan kan.
A jiyàn rẹ̀ kọjá Ọ̀dẹ́dá,
a jiyàn rẹ̀ dé Ọmí-Àdió.