Ìró Tó Kọjá Wa

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní Saskatoon.
Yìnyín ti bo fèrèsé àjà-ilẹ̀,
èéfín òjé ń lọ́ sókè níwájú mi.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó máa mì,
láti ìró tí àyà ń gbọ́ kí etí tó gbọ́
dé ibi tí ìró ti tín-ín-rín ju irun lọ;
kapásítọ̀ méjì lórí ọ̀pá kan, bí ìbejì,
ká fi ìka méjì yí i, kó má sinmi lọ́nà.

Lórí bébà, kò sí wàhálà.
Mo tan án. Nísàlẹ̀ ó ń kùn bí ológbò tó yó.
Mo yí i dé àárín,
ó rọ, ó tún rọ,
ó dákẹ́.
Mo fi kún èyí tó ń padà sẹ́nu rẹ̀,
ló bá figbe ta, orí ìgbì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Orest wọlé láti ilé kejì, òun àti ajá rẹ̀,
yìnyín ń yọ́ lára àwọn méjèèjì.
Ó yọ gílóòbù tíńtín kan lápò,
ti rédíò tó ti kú kí n tó dáyé.
“Fi èyí sí i. Bó bá gbóná, á dì í mú;
bó bá tutù, á jọ̀wọ́ rẹ̀.”

Mo fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo yí i.
Ìró ń gòkè, agbára rẹ̀ ò yẹ̀.
“Ó ti tán,” ni Orest wí.
Èmi ṣì ń gbọ́ ọ. Mi ò sọ fún un.
Mo yí i títí témi náà ò fi gbọ́ nǹkan mọ́.

Lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ajá gbórí sókè.