Aago Mẹ́ta Ọ̀sán

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo máa ń kú.
Kó tó dìgbà náà, Ìyá Annis á ti fi ìyẹ̀fun kùn mí lójú,
á ti so àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tó kún fún ẹ̀jẹ̀
sábẹ́ ọmú tí n kò ní,
ọmú òwú, tí òun fúnra rẹ̀ rán.

Obìnrin kì í gun ìtàgé ní London tiwa yìí.
Èmi Kester, ọmọ aránbàtà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá,
èmi ni wúńdíá ilẹ̀ Ítálì
tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́bẹ lórí afárá,
nítorí agbo ilé méjì tí kò lè jọ pọnmi nínú kànga kan.

Ikú yẹ mí lónìí.
Mo sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, mo ti ọ̀bẹ onígi bọ àyà,
àpòòtọ̀ bẹ́, pàrà!
mo wó lulẹ̀ bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ já lórí okùn.

Òkú kì í mí. Òkú kì í họra.
Eṣinṣin bà mí nímú, mo gbà fún un.
Ṣùgbọ́n mo la ojú òsì díẹ̀,
bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì tán,
mo wo àgbàlá tí àwọn olówó kọ́bọ̀ kan dúró sí.

Gilbert Pask ń sunkún.
Gilbert Pask atukọ̀, tó fi àjẹ̀ ṣẹ́ àgbọ̀n àbúrò Tulley
lọ́jọ́ ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì,
nítorí àtẹ̀gùn òkúta mẹ́jọ létí odò Tẹ́msì,
ibi tí èrò ti ń wọkọ̀.
Humfrey Tulley náà ń sunkún, ó ń fi fìlà nu imú,
ó ń pariwo mọ́ baba mi ti orí ìtàgé:
"Ìkà! O ò bá ti jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra!"
Pask dáhùn láti ọ̀ọ́kán: "Òótọ́ ọ̀rọ̀!"
Ọdún keje rèé,
ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó pa wọ́n pọ̀ nìyẹn.
Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn jọ sọ ọ́.

Lẹ́yìn òpó, Sisley ọmọ Pask,
Rafe ọmọ Tulley,
wọ́n kẹ̀yìn síra bí àjèjì,
ìka wọn kọ́ra bí ìwọ̀ lẹ́nu ẹja.
Wọn ò wò mí. Wọn ò sunkún.
Baba wọn ni wọ́n ń wò,
bí àgbẹ̀ ìgbà ọ̀dá ṣe ń wo òjò tó ṣú.

Èmi nìkan ló rí wọn. Òkú lójú, òkú ò lẹ́nu.

Àtẹ́wọ́ ró. Mo jí. A jó ijó ìparí, èrò tú.
Kí n tó tú okùn àyà mi tán,
mo ti gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé:
"Èrò ta nìyẹn?"
"Tèmi ni, olè!"
Àjẹ̀ kọlu àjẹ̀.
Sisley ń bẹ nínú ọkọ̀ baba rẹ̀,
Rafe nínú ti baba tirẹ̀,
omi ń fẹ̀ sí i láàárín wọn.

Ohùn mi ti ń fọ́.
Kí Kérésìmesì tó dé, wọ́n á gbé ẹ̀wù mi fún ọmọ mìíràn,
èmi á máa gbé idà tẹ̀lé baba ẹnìkan.
Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo ti kú láti ọdún Àjíǹde,
àtẹ̀gùn mẹ́jọ náà ṣì wà níbẹ̀.
Wọ́n ní a kì í fi ikú ṣeré.
À ń fi í ṣeré. Kọ́bọ̀ kan péré ni.

Ìyá Annis gba ẹ̀wù lọ́wọ́ mi.
Ó ní omi gbígbóná kì í bọ́ ẹ̀jẹ̀ lára òwú, àfi tútù,
kí n lọ pọn ún wá kó tó gbẹ.
Mo gbé korobá,
mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò.