Owó Ilẹ̀kùn

Ọdún mẹ́fà ni Dókítà Burulkan fi kà wọ́n ní At-Bashy,
níbi tí yìnyín ti ń jókòó sórí òrùlé títí oṣù kẹrin:
àpò omi mẹ́tàléláàádọ́fà nínú ẹ̀dọ̀ àwọn darandaran.
Ajá jẹ ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn, ajá lá ọwọ́ ọmọ,
ọmọ dàgbà, ikùn rẹ̀ ń wú bí ẹni tó lóyún òkúta.
Èmi ni mo ń ya àwòrán inú wọn. Òun ló ń kọ̀wé.

Ìwé ìṣègùn kan lókè òkun gba èyí àkọ́kọ́,
wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.
Lọ́jọ́ tó jáde, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn.
*San dọ́là mọ́kàndínlógójì kó o tó wọlé.*
Ẹni tó gbin ọkà, tó kórè, tó rù ú wálé,
òun ni wọ́n ti ilẹ̀kùn àká mọ́ síta.

"Èyí tí gbogbo ayé á kà lọ́fẹ̀ẹ́ ni mo fẹ́," ó wí
nígbà tó kọ ẹlẹ́ẹ̀kejì.
Àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta yìn ín, wọ́n gbà á.
Lẹ́yìn náà ni ìwé owó dé:
ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ó lé irínwó. Owó oṣù mẹ́jọ.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á.
Iye kan náà.

Ó bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé wọn fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀:
orílẹ̀-èdè yín ti kúrò lára àwọn tó tálákà jù,
ìdajì la lè yọ fún yín.
Burulkan yọjú lójú fèrèsé.
Ọkùnrin kan ń fa kẹ̀kẹ́ ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ kọjá, iná alẹ́ rẹ̀ nìyẹn.
"A kúrò níbẹ̀," ó bi mí, "a wá dé ibo?"

Lójoojúmọ́ ni lẹ́tà mìíràn sì ń wọlé:
*Ọ̀jọ̀gbọ́n àpọ́nlé, ọjọ́ mẹ́ta péré, ọgọ́rùn-ún dọ́là péré.*
Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Wọ́n pè é ní ọ̀gbẹ́ni.
Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í bi ọ́ ní ìbéèrè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
ṣọ́ra fún oúnjẹ ibẹ̀.

Ó ta abo ẹṣin kan, ọlọ́dún méjì, oníwájú funfun.
Mo fi owó èédú mi kún un. Mi ò sọ fún ìyàwó mi.

Nígbà tí koríko hù, nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé wá
láti Chubut, nísàlẹ̀ Ajẹntínà lọ́hùn-ún.
Ó ní àgùntàn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn náà, ajá náà pọ̀.
Orí fóònù tó sán lójú ló ti ka iṣẹ́ wa,
ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń wọn àpò tó bá fara ti iṣan ńlá.
Ó dúpẹ́ pé òun ò san nǹkan kan.
"Ẹṣin ti san án," ni Burulkan wí,
ó sì fi gbogbo ọ̀sán yẹn fèsì.

Ẹṣin kan ṣì kù ní ilé rẹ̀.
Ó ti ń kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta.