Ọwọ́ Mi Wà Nínú Àpótí

Lọ́dún tí ayùn oníná jẹ ìka mi méjì,
ọmọńdinrín àti èyí tó ń wọ òrùka,
àwọn ará àdúgbò ní kí n ṣọpẹ́, ó ṣì ku mẹ́ta.
Mo ṣọpẹ́. Ìfági bàbá mi kò bá mi ṣe é:
bí mo bá tì í lórí pákó ìrókò,
á yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀,
á forí sọ ibi tí n kò rán an.
Mo fi aṣọ wé e. Mo fi rọ́bà táyà dì í.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kan àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì,
oníbàárà á wò ó, á wo ọwọ́ mi, á sanwó.

Sẹlẹsitíìnì, ọmọ Láléyẹ, ti Kútọnu dé
pẹ̀lú àpótí kan tí inú rẹ̀ ṣófo bí ilé àgbẹ̀ lọ́sàn-án.
Ó gba yàrá kan lọ́nà Ìlárá, lẹ́yìn ilé ọlọ́lọ̀ gàrí,
ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn: Ohun tó bá kán, ẹ gbé e wá.
Mo rẹ́rìn-ín.
Ṣé èmi ni kí n lọ ra ọwọ́ ìfági
lọ́wọ́ ọmọ tí mo kan ibùsùn tí wọ́n bí i lé?

Ṣùgbọ́n jíà ẹ̀rọ ìránṣọ Rẹ̀mátù kán.
Wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ ní Póbẹ̀, kò sí ní Kútọnu.
Alẹ́ kan ni ọmọ yìí fi ṣe é,
funfun bí eyín ìkókó.
Láti ìsọ̀ mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, tí ẹ̀rọ ń rán, tó ń rán.
Mo ti ìfági bọ àpò,
mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Kò wo ìfági. Ó ní, “Ẹ na ọwọ́ yín.”
Ó fi irin ìwọ̀n kékeré di ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan,
àwọn tó wà, àti ibi tí àwọn tó lọ ti lọ,
ó ń ka mìlímítà: méjìlélógún, mọ́kàndínlógún àbọ̀.
Látọjọ́ tí ayùn ti jẹ mí,
kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀ láì kọ́kọ́ káàánú mi.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Kò gbẹ́, kò fá, kò gé.
Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa mú kúrò
títí yóò fi ku ohun tí mò ń wá;
òun, orí asán ló ti ń fi kún un,
imú gbígbóná ń pọ okùn ike,
ìpele lé ìpele, bí ikán ṣe ń mọlé.
Àkọ́kọ́, iná lọ nígbà tó ku díẹ̀.
Èkejì ká sókè létí bí ewé gbígbẹ.
Mo ní kó fi í sílẹ̀.
Ó ní, “Bàbá, àga àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ kàn ńkọ́?”
Mo dákẹ́.
Òbúkọ ló gùn ún. Ó wó.

Ẹ̀kẹta bọ́ sí mi lọ́wọ́ láago mẹ́ta òru:
kòtò mẹ́ta fún ìka mẹ́ta,
àti èjìká kékeré kan
níbi tí àwọn méjì yòókù ì bá ti dúró.
Mo tì í. Awọ pákó ká jáde,
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, gígùn, láìjá,
ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi.
A máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ,
t’àgbàlagbà ò wọ akèrègbè.
A kì í sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀
bí ọmọdé bá jókòó wọn ọwọ́ àgbà.

Ẹgbẹ̀rún méjì sìfáà ló gbà.
Mo fi àpótí ìjókòó kan kún un, èyí tí kò mì.

Lánàá, Bíòkú, ọmọ iṣẹ́ mi, gbé ìfági náà,
ìka rẹ̀ márààrún kò ríbi wọ̀.
“Ọ̀gá, ẹ̀yin nìkan ló mọ̀.”
Sẹlẹsitíìnì ní kò ṣòro.
Ó ṣí kọ̀ǹpútà: ọwọ́ mi ń yí lójú dígí,
kò sinmi lé nǹkan kan.
“Ibí ló máa wà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́,
màá fi ìka méjì kún un fún un.”

Mo bojú wòta.
Ìka méjì.
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi iyọ̀ kún ọbẹ̀.