Ìgò Tó Ń Hó

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni mo mọ̀, Dulamsuren,
èyí tó ń fa omi kànga fún ewúrẹ́ àti ràkúnmí
ní gúúsù Khovd, níbi tí ẹ̀fúùfù ti ń fi yanrìn bọ́jú fún èèyàn.
Bó bá bàjẹ́, ẹran á ké, èmi á yọ sípánà.
Ta ló mú mi dé yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé?

Ìwọ ni. O gbé aṣọ funfun kọ́ mi lọ́rùn,
o ní kí n fọwọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́.
Mo fọ̀ ọ́. Epo ẹ̀rọ ogún ọdún kò kúrò lábẹ́ èékánná.
O bá mi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o kò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yìn náà lo nàka sí ọmọ kan
tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ,
ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, bí àgọ́ tí ìjì ń gbọ̀n.
O ní, "Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń lẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rá tí omi kàn.
Wá nǹkan tí yóò máa là á,
wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìfà á ya.
Èyí tí wọ́n kó wá láti òkèèrè, iná ló ń jẹ,
iná sì ń lọ nígbà tí òtútù bá dé ogójì nísàlẹ̀ òdo."

Ogójì! Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó béèrè:
itọ́ tí a tu á ti di yìnyín kó tó kanlẹ̀.

A jà. Ká má purọ́, oṣù mẹ́ta la fi jà.
Mo ní, "Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ."
O ṣí ìwé àkọsílẹ̀, o ka orúkọ méjì sí mi létí,
orúkọ bàbá wọn, ọjọ́ tí wọ́n dé, wákàtí tí wọ́n lọ.
Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi, mo jáde.
Mo jókòó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ń kùn,
mo yọ bébà, mo tún ìṣirò náà ṣe.

Ìwọ náà ṣì í. O ní kí rọ́bà rẹ̀ nípọn;
mo ní yóò gan bí igi lóru. Ó gan.
Nọ́ọ̀sì Sarangua wò wá bí ẹni wo ọmọdé tó ń jà sí ẹran:
"Ṣé ẹ ò rí i pé abẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀ ló yẹ kó gbà?"
Ó fa rọ́bà náà gba inú awọ àgùntàn,
ó so ọmọ mọ́ àyà ìyá rẹ̀, níbi tí òtútù kò dé.
Ẹnjiníà kò rò ó. Dókítà kò rò ó.

Ohun tí a ṣe kò lẹ́wà. Ìgò omi kan,
páǹpù kékeré kan, bátìrì alùpùpù,
ìlà tí o fi pẹ́ńsù pupa fà sára ìgò:
sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.
Èémí ọmọ á gba inú omi kọjá,
omi á hó: pọ̀-pọ̀-pọ̀.
Bó bá ń hó, ẹ sinmi. Bó bá dákẹ́, ẹ sáré.

Lóru ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní, iná lọ.
Ilé ìwòsàn ṣú bí inú ìkòkò.
O di apá mi mú; bóyá o kò tilẹ̀ mọ̀.
A ò rí ojú ara wa. A kàn ń tẹ́tí.
Pọ̀.
Pọ̀-pọ̀.
Mo ti kọ́ ẹ̀rọ, mo ti fi èrò dà á rú,
òru yẹn ni mo tó gbọ́ bí ẹ̀rọ̀ ṣe ń dún.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá ọmọ ṣì ń sùn.
O ti dé, tìwọ ti pẹ́ńsù pupa:
"Ìgò ń jò nídìí. Ariwo páǹpù ti pọ̀ jù.
Ọmọ míì ń bọ̀ láti òkè ní ọ̀sán."
Mi ò dáhùn.
Mo ti wà nídìí omi, mo ń fọwọ́.