Igba

Iná ti lọ ní Ifàkì. Kọ̀ǹpútà ń jẹ bátìrì tó kù.
Fadérera fi ohùn sẹ́ẹ̀lì kan sétí,
ọ̀kan péré, láti inú ọpọlọ eku:
tá. Tá-tá. Ó pa kẹ́kẹ́. Tá.
Bí òjò tó ń ṣiyèméjì lórí páànù.

Eku yà sọ́tùn-ún: igba.
Ó yà sósì: igba náà ni.
Oṣù mẹ́ta rèé, iye ò sọ nǹkan kan.

"Igba," ló ń kùn.
Ìyá rẹ̀ yí padà lórí ẹní, oorun lójú:
"Igbá àbí ìgbà? Pè é dáadáa."

Fadérera dákẹ́.
Ó pa iye rẹ́,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àlàfo
tó wà láàárín tá àti tá.
Bátìrì kú.
Èékánná rẹ̀ ń bá a lọ lórí orúnkún.