Ohun Tí Ìwé Àdéhùn Kò Sọ

Wákàtí mẹ́tàdínlógójì àtààbọ̀ lọ́sẹ̀
ló wà nínú ìwé tí Neta Penner fọwọ́ sí.
Mo mọ̀, ojú mi ló ṣe,
lọ́jọ́ tí òjò dídì kọ́kọ́ bo òrùlé ilé ìkẹ́rùsí wa,
ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Wínípẹ́ẹ̀gì,
níbi tí a ti ń di ẹran alágolo àti kúbùsù
ránṣẹ́ sáwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Ìwé náà kò sọ pé aago méje ni àdúrà àárọ̀,
bẹ́ẹ̀ aago mẹ́jọ lowó tó ń jí.
Kò sọ pé Sátidé kì í ṣe tìrẹ bí ọkọ̀ ẹrù bá dé.
Kò sọ pé bí ara rẹ kò bá yá,
ìwọ ni wàá kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.
Bí aago márùn-ún bá lù, tí o dìde,
wàá wo ojú àwọn tó ṣì jókòó,
wàá tún rọra jókòó.
Kò sọ ta ni yóò máa fọ ife kọfí.
Ọdún mẹ́sàn-án, Neta ló ń fọ̀ ọ́.

Kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ẹ gbọ́ mi yé o,
kò sẹ́ni tó pàṣẹ rí.
Waldemar Reimer, ọ̀gá wa, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú.
Á ní, “Kì í ṣe tipátipá o,
bí ọkàn yín bá ṣe darí yín ni.”
Ọkàn wa sì mọ ibi tí ojú rẹ̀ ń wò.

Lóṣù Èrèlé, ìwé ìbéèrè dé láti olú ilé-iṣẹ́:
Láti oókan dé ẹẹ́wàá,
báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn tó?
Neta di bírò mú, kò kọ nǹkan kan.
Ó rántí lẹ́tà ọmọ kan, lẹ́ẹ̀dì ló fi kọ ọ́,
pé kúbùsù tí wọ́n fún ìyá òun
ń ta sánsán bí ọṣẹ.
Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà.
Ìfẹ́ ọ̀hún gan-an lokùn tí a fi so ó mọ́lẹ̀.

Ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀, ó gbẹ́nu sókè:
“Gbogbo èyí tí à ń ṣe tí a kò kọ,
ṣé a lè kọ ọ́ sílẹ̀?”
Ẹ̀rọ amóhuntutù nìkan ló ń kùn.
Waldemar ní, “Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà sí i.”
A fi àdúrà sí i.
Lẹ́yìn Àmín, ìbéèrè ṣì wà lórí tábìlì
bí abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní Jímọ̀, aago márùn-ún lù.
Neta fọ ife kan, tirẹ̀,
ó wọ bùútù, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ.
Mọ́tò rẹ̀ kọ̀, òtútù ti pa bátìrì.
Mo fi wáyà fún un níná láti inú ọkọ̀ mi,
àwa méjèèjì ò sọ̀rọ̀,
èémí wa ń rú bí èéfín.

Ìdájí ọjọ́ Ajé, ife méje wà nínú agbada ìfọwọ́,
kọfí ti gbẹ mọ́ wọn nídìí.
Waldemar ká apá ẹ̀wù, ó dúró síbẹ̀,
ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, ó ṣí èkejì.
“Neta,” ló wí, jẹ́jẹ́,
“níbo la máa ń tọ́jú ọṣẹ sí?”

Neta bojú wo aago ara ògiri.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́jọ lù.